Ipasẹ̀ Tó Wọ Àyà Àríkẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u tán. Ẹni tí imú ń yọ lẹ́nu, kí ó lọ fọn ún sẹ́yìn ilé kí ó tó wá bá wa jókòó. Nítorí ìtàn èémí ni ìtàn yìí, a kì í sì í fi ariwo gbọ́ ọ. Èémí kò lẹ́sẹ̀, ó ń rìn. Èémí kò lọ́wọ́, ó ń gbé ènìyàn dìde. Èémí kò wúwo tó ìyẹ́ ẹyẹlé, síbẹ̀ bí ó bá kúrò lára, ọkùnrin mẹ́rin ni yóò pa ọwọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè gbé ẹni tí ó fi sílẹ̀. Ìdí èémí ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé lọ wá, tí ó fi rin ọ̀nà tí àwọn baba rẹ̀ máa ń wò láti òkèèrè kí wọ́n tó yí padà.

Ìlú Òkè-Ẹtu ni wọ́n bí Ọdẹ́rìndé sí. Ọdẹ ni baba rẹ̀, ọdẹ ni baba tó bí baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ni òkìkí tirẹ̀ fi kàn, àwọn tí ó mọ ìbọn yìn jù ú lọ pọ̀ ní ìlú náà bí erùpẹ̀. Ipasẹ̀ ni ti Ọdẹ́rìndé. Bí ẹtu bá kọjá lórí àpáta, tí òjò sì rọ̀ lé e, Ọdẹ́rìndé yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ìka kan ilẹ̀, yóò sì sọ fún ọ pé abo ni, ó lóyún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn ń dùn ún. Bí ẹran méjì bá gba ojú ọ̀nà kan kọjá, yóò sọ èyí tó ṣáájú, yóò sọ èyí tó tẹ̀lé e, yóò sì sọ bóyá ìfẹ́ ni wọ́n fi ń rìn tàbí ọ̀kan ń lé èkejì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí adìẹ ìyàwó rẹ̀ bá sọnù, kò ní wá adìẹ, ẹsẹ̀ adìẹ ni yóò máa wá kiri. Òun náà a máa fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí tàkúté kan ti gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ní kò sí ẹni tí ipasẹ̀ rẹ̀ rọrùn láti mọ̀ tó ti òun.

Àṣà kan wà ní ìdílé wọn tí kò sí ní ilé ọdẹ mìíràn. Bí ọdẹ bá ti igbó dé, kí ó tó sọ ìbọn kalẹ̀, kí ó tó bu omi mu, ọmọ rẹ̀ yóò sáré jáde, yóò gbé ojú sókè, baba yóò sì bẹ̀rẹ̀, yóò fi ẹnu sún mọ́ àtàrí ọmọ náà, yóò fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta láti iwájú orí dé ihò imú. Wọ́n ní èémí igbó ni baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí igbó má baà ṣe àjèjì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ Ọdẹ́rìndé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ baba rẹ̀. Nígbà tí Mopélọ́lá aya rẹ̀ sì bí Àríkẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run, ọjọ́ kẹsàn-án ìbí ọmọ náà ni baba rẹ̀ ti igbó dé, tí ó fẹ́ ẹ ní èémí àkọ́kọ́ lórí ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Àríkẹ́ kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú fèrè. Ikọ́ fée ni àwọn àgbà pè é. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré tẹ̀lé ara wọn yí ìdí igi ká, orí àpáta ẹnu ọ̀nà ni òun máa ń jókòó, tí yóò máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó borí. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ọ̀fìnkìn sì mú un, èjìká rẹ̀ yóò gòkè, ọrùn rẹ̀ yóò yọ iṣan, ìhà rẹ̀ yóò máa wọlé bí ẹni tí ọwọ́ kan ń fún láti inú, èémí yóò wọlé pẹ̀lú ìjà, yóò sì jáde pẹ̀lú ẹkún. Àgbo kò gbọ́, oyin kò gbọ́, òrí kò gbọ́. Ní ọyẹ́ ọdún kẹfà rẹ̀, ètè rẹ̀ dúdú bí èso àgbáyun tó ti pọ́n kọjá, wọ́n sì gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn ìlú kejì, níbi tí nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ti fi ike kékeré kan sí i lẹ́nu, tí ó ní kí ó fa ohun tí ń jáde nínú rẹ̀ sínú àyà. Díẹ̀díẹ̀ ni èjìká ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa mú ike náà lọ sílé.

Nígbà tí ara tù ú, nọ́ọ̀sì náà mú ìwé, ó ní, “Bàbá, Màmá, kí ọmọ yìí tó pé ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀fìnkìn mú un tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà?”

Mopélọ́lá la ẹnu láti dáhùn. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ẹtu, bí ọkọ bá wà níjòókòó, aya kì í ro ẹjọ́ ilé fún àlejò. Ọdẹ́rìndé fi ìgbúnwọ́ tì í jẹ́jẹ́, ó ní, “Ìgbà díẹ̀ ni.” Nọ́ọ̀sì wo Mopélọ́lá, Mopélọ́lá wo ilẹ̀. Ohun tí obìnrin náà kọ sílẹ̀ ni “díẹ̀”.

Ọdẹ́rìndé béèrè ìdí tí ó fi bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé fún un pé àwọn onímọ̀ ń wádìí ọ̀rọ̀ náà káàkiri ayé. Wọ́n ti rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ikọ́ fée bá dàgbà ni ọ̀fìnkìn ti wọ àyà wọn léraléra nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ọ̀fìnkìn ló ba àyà jẹ́ ni o, bóyá àyà tí kò lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀fìnkìn ni o, ẹnu wọn kò tíì kò. Ó ní, “Ipasẹ̀ méjì ni wọ́n rí, Bàbá. Wọn kò tíì mọ èyí tó ṣáájú.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ inú Ọdẹ́rìndé bí ẹ̀gún ṣe ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ipasẹ̀ méjì, tí ẹnì kan kò mọ èyí tó ṣáájú! Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ni wọ́n ń ṣe tí wọn kò pe òun sí i. Ohun tó bá ní ipasẹ̀ ní ẹsẹ̀, ohun tó bá ní ẹsẹ̀ ní ara, ohun tó bá sì ní ara, ìbọn ń ràn án. Nígbà tí ó dé ilé, ó lọ bá Olúọ́dẹ, olórí àwọn ọdẹ ìlú, ó ní òun ń lọ sí Igbó Amíkanlẹ̀, níbi tí àwọn iwin tó ń ṣàkóso èémí ń gbé. Olúọ́dẹ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní àwọn tí ó lọ síbẹ̀ kì í kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni wọ́n ń mú bọ̀, ọwọ́ òfìfo sì burú fún ọdẹ ju ikú lọ. Mopélọ́lá ń di oúnjẹ fún un, kò bẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó sọ kò ju ẹyọ kan lọ: “Bàbá Àríkẹ́, ẹnì kan kì í yìnbọn lu èémí.” Ọdẹ́rìndé ní kí ó fọkàn balẹ̀, kí ọyẹ́ ọdún tí ń bọ̀ tó fẹ́, òun yóò wọ́ òkú ohun tí ń fún ọmọ wọn lọ́rùn wọ àgbàlá. Ìbúra ni ó fi ṣe, ó fi ẹnu kan irin ìbọn rẹ̀.

Ó rìn kọjá oko, ó rìn kọjá ẹgàn, ó rìn dé ibi tí ẹyẹ kò ti dá ohùn mọ́, ni ó bá wọ Igbó Amíkanlẹ̀. Igi ibẹ̀ kò dúró bí igi. Gbogbo wọn ni ó ń wú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni ó ń sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àyà ẹranko ńlá kan tó sùn. Bí wọ́n bá wú, ewé yóò yọ sókè, afẹ́fẹ́ yóò fa fìlà Ọdẹ́rìndé síwájú. Bí wọ́n bá sọ̀, yóò tì í sẹ́yìn. Ìrìn rẹ̀ wá di ìrìn ẹni tí ń gun òkè nínú odò. Ó tẹ̀lé ìró omi, ó sì dé ọ̀dọ̀ Onímú-Odò, iwin ọ̀fìnkìn.

Orí iwin yìí kò tó orí ẹ̀kúté, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ gùn láti ìdí àràbà dé etí àfonífojì, ihò rẹ̀ méjèèjì dà bí ẹnu kànga, omi sì ń ti ibẹ̀ ṣàn láìdúró. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré bí kantíkantí, wọ́n ń wẹ̀ nínú omi náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó kí Ọdẹ́rìndé bí ọdẹ ṣe ń kí ara wọn, ó ní, “Àrípa o! Ṣé èmi ni o wá pa?”

Ọdẹ́rìndé na ìbọn sí i. “Ìwọ ni. Ìwọ lo wọ àyà ọmọ mi.”

“Mo wọ̀ ọ́. Èmi kì í jẹun tán kí n sẹ́ ìkòkò. Ṣùgbọ́n fi etí rẹ síbí, ọmọ ènìyàn. Ọgbọ̀n ọmọ ló wà ní àdúgbò rẹ, ọgọ́ta ihò imú ni mo wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ aládùúgbò rẹ, oníkùn bàǹbà nnì, ṣe ló fọn mí sára ògiri tó lọ gbá bọ́ọ̀lù. N kò dì í mú, n kò sì di èyíkéyìí nínú wọn mú ju bí mo ṣe di tìrẹ lọ. Kí wá ni mo ṣe fún tìrẹ tí n kò ṣe fún àwọn tó kù? Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, yìn ín.”

Ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí Ọdẹ́rìndé sọ ìbọn kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọdẹ máa ń yára ju etí rẹ̀ lọ. Ó yìn ín. Ọta gba ara iwin náà kọjá bí òkúta ṣe ń gba inú omi kọjá. Omi pa dé, ihò kò sí. Onímú-Odò wá sín. Sísín náà mi igbó, ìrì tí ó tú jáde bo Ọdẹ́rìndé láti irun dé èékánná, ìkán kọ̀ọ̀kan sì di Onímú-Odò kékeré tó ń rẹ́rìn-ín lára ọdẹ náà. Iwin náà nu imú, ó ní, “Ó dára. O ti gbé ẹ̀bùn tìrẹ dání. Máa lọ bá Ìyá Amọ̀kòkò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ilé kí èmi tó dé ibẹ̀ bí àlejò.”

Lórí òkìtì amọ̀ pupa kan ni Ìyá Amọ̀kòkò jókòó sí, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀ka igi lọ, tí ó ń mọ àyà àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Ìkòkò ni wọ́n, wọ́n tò lọ bí ilé ikán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kùn bí oyin. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá náà kò dá a lóhùn, ó gbé ìkòkò méjì lé e lọ́wọ́, ọrùn àwọn méjèèjì tín-ín-rín. Ó ní, “Ọmọ mi, ọ̀kan nínú wọn yóò sán bí iná bá kàn án. Fi èyí tí yóò sán hàn mí.”

Ọdẹ́rìndé fi oríkèé ìka kàn wọ́n, ó gbọ́. Ó fi ahọ́n kàn wọ́n, ó tọ́ wọn wò. Ó gbé wọn sí oòrùn, ó wò wọ́n. Ó gbé wọn padà fún un, ó ní, “Ìyá mi, ọrùn wọn bákan náà, ohùn wọn bákan náà. N kò mọ̀ ọ́n.”

“O káre. Ọ̀pọ̀ ló ti kọjá níbí tí wọ́n nawọ́ sí ọ̀kan kí ojú má baà tì wọ́n. Èmi tí mo mọ wọ́n kò mọ̀ ọ́n, kí iná tó kàn wọ́n. Mo mọ àyà Àríkẹ́ ní ọlọ́rùn tóóró, òótọ́ ni. Amọ̀ ìdílé rẹ ni. O kò rántí bí ìyá baba rẹ ṣe máa ń mí nígbà ọyẹ́?”

Ọdẹ́rìndé rántí. Ó rántí obìnrin arúgbó kan tó jókòó lórí ẹní tí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọdé máa pè é ní Ìyá Onífèrè.

“Ṣùgbọ́n amọ̀ yẹn kan náà ni mo fi mọ ìwọ,” ni Ìyá Amọ̀kòkò wí. “Ṣé àyà rẹ ń sú fèrè?”

“Rárá, ìyá mi.”

“Kí lo fẹ́ kí n jẹ́bi rẹ̀, nígbà náà? Gba ìdí àwọn ìkòkò yìí lọ. Oníbodè ló ń ṣọ́ ojú ọ̀nà. Ohun tí ojú rẹ bá rí níbẹ̀, má pa á mọ́ ara rẹ.”

Oníbodè dúró níbi tí igbó ti fún bí ọrùn akèrègbè. Ó ga bí ọparun, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, inú esùsú kan tó fi há ẹnu ni ó ti ń mí, kò sì lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta lọ kí èémí rẹ̀ tó tán. Ọdẹ́rìndé wò ó, ojú rẹ̀ sì kún fún omi, nítorí bí Àríkẹ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ikọ́ bá mú un gan-an nìyẹn. Iwin náà nawọ́ sí ilẹ̀.

“Ọ̀nà yìí,” ni ó wí, ó mí. “Àyà ọmọ rẹ.” Ó mí. “Ọdẹ ni ọ́. Kà á.”

Ilẹ̀ náà pọ́n bí èrìgì ọmọ ọwọ́, koríko tó wà lórí rẹ̀ rọ̀ bí irun tuntun. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ bí ó ṣe ń kúnlẹ̀ láti kékeré. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, kí a sọ òótọ́, nítorí ó ti dé ibi tí ó mọ̀. Ó rí ẹsẹ̀ Onímú-Odò, ó tutù, ó fẹ̀. Ó rí ojú amọ̀ tí Ìyá Amọ̀kòkò fi ọwọ́ tẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo èyí tó wà lórí àti èyí tó wà lábẹ́. Níbi kan, ẹsẹ̀ Onímú-Odò tẹ orí ọwọ́ amọ̀, ó ní, “Àhá, amọ̀ ló ṣáájú.” Ó sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan, ó rí i pé amọ̀ ti rọ̀ bo ẹsẹ̀ náà, ó ní, “Rárá, ẹsẹ̀ ló ṣáájú.” Ó sún sí i, wọ́n tún yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rá kiri láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, òun tí ó lè ka ẹsẹ̀ ẹtu lórí àpáta. Ohun kan ṣoṣo ni ó dá a lójú: níbi tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, koríko ti dìde padà, níbi tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, nígbà tí koríko ṣì rọ̀, kò dìde mọ́, ó ti di ojú ọ̀nà. Ohunkóhun tó bá sì kọjá lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe eruku, ìbáà ṣe òtútù, ibẹ̀ ló ń gbà.

“Díẹ̀díẹ̀,” ni Oníbodè wí, ó mí. “Nimú ẹlẹ́dẹ̀.” Ó mí. “Fi ń wọgbà.”

Ọdẹ́rìndé rí eérú pẹ̀lú, eérú fífúyẹ́ tó jókòó sínú ojú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò jẹ́ kí ó kún padà. Ó fi ahọ́n kàn án. Igi ayìn ni. Igi ayìn ni òun fi ń yan ẹran, ẹ̀gbẹ́ àtẹ ẹran náà ni wọ́n sì ń tẹ́ ẹní Àríkẹ́ sí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kí ọmọ ọdẹ baà lè rí ooru. Ó padà sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹsẹ̀ Onímú-Odò ti kọ́kọ́ wọlé, láti mọ ibi tí ó ti wá. Ẹsẹ̀ mìíràn ló rí níbẹ̀. Ènìyàn ni. Ó ń ti igbó bọ̀, ó gbé ẹrù, ó ń yára bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti dé ilé. Ìka rẹ̀ kọjú sí ọmọ náà. Níbi tí ó dúró sí, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni Onímú-Odò sì ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Níbòmíràn, Onímú-Odò dá wá. Ṣùgbọ́n ó pọ̀. Ọdẹ́rìndé ka ìka ẹsẹ̀ òsì ẹni náà. Mẹ́rin ni. Ọmọńdinrín kò sí.

Ó jókòó sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Oníbodè bi í léèrè, “Ẹ̀ẹ̀melòó?” Ọdẹ́rìndé mọ iye ìgalà tí ó pa láti ìgbà tí ó ti ń ṣọdẹ, ó mọ iye túùkú, ó mọ iye ọta tó ṣìnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nyí kọ́ ni wọ́n béèrè. Ó ní, “Ìgbà díẹ̀ ni.”

Oníbodè rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé. “Díẹ̀,” ni ó wí. “Kì í ṣe. Òǹkà.”

Ọdẹ́rìndé wá kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní ohun kan, ewé kan, egbò kan, ohun tí òun yóò kó wọ ilé tí aya òun kò fi ní rí ọwọ́ òfìfo. Oníbodè mi orí. Ó ní òun kò ní. Ó ní ojú ọ̀nà tó bá ti là, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń dí i; pé ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n, kí a ṣọ́ra fún un; pé àwọn ọmọ kan ń dàgbà tí koríko ń hù bò ó, àwọn kan ń dàgbà tí kò hù, òun tí òun ń ṣọ́ ọ kò sì lè sọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí gbà á ní ọ̀pọ̀ èémí, Ọdẹ́rìndé sì dúró gbọ́ ọ títí dé ìparí. Nígbà tí ó dìde, imú rẹ̀ ń já omi, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá yé e ohun tí Onímú-Odò ń pè ní ẹ̀bùn.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí ó dé Òkè-Ẹtu, eruku bo òrùlé bí ìyẹ̀fun. Àríkẹ́ rí i láti orí àpáta ẹnu ọ̀nà, ó dìde, ó sáré bí èémí rẹ̀ ṣe gbà á, ó ti gbé ojú sókè, ó ti di ojú méjèèjì, ó ń retí fífẹ́ mẹ́ta. Ọdẹ́rìndé ké mọ́ ọn pé kí ó dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, baba rẹ̀ kò tíì ké mọ́ ọn rí. Ọmọ náà dúró láàrin àgbàlá, ó la ojú. Baba rẹ̀ ti padà sẹ́yìn dé ìdí igi ìgbá tó wà lójú ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, ó fi aṣọ bo imú, ó ní òun kò ní wọlé títí ọ̀fìnkìn yìí yóò fi tán lára òun.

Mopélọ́lá gbé omi wá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó jókòó síbẹ̀. Ọdẹ́rìndé kò kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó béèrè ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìyá Àríkẹ́, kí ó tó pé ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀melòó ni?”

Mopélọ́lá kò ronú rárá. “Ìgbà mọ́kànlá,” ni ó wí. Ó wá ń kà wọ́n fún un bí ẹni ń ka orúkọ àwọn mọ̀lẹ́bí. Èyí àkọ́kọ́, ọmọ náà kò tíì ju oṣù kan lọ, ọ̀sẹ̀ tí Ọdẹ́rìndé mú abo ìgalà bọ̀. Èkejì, nígbà tí wọ́n ń kórè àgbàdo, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kó o wá. Ẹ̀kẹta, Ọdẹ́rìndé ti igbó ńlá dé, gbogbo ilé ló ń wúkọ́. Ẹ̀kẹrin ni àyà rẹ̀ kọ́kọ́ dún, òun rò pé ológbò ló wọ abẹ́ ẹní. Ó kà á títí dé ìkọkànlá, kò gbé ohùn sókè, kò fò ọ̀kan.

Ọdẹ́rìndé béèrè pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì.

“Mo la ẹnu,” ni Mopélọ́lá wí. “Ẹ fi ìgbúnwọ́ tì mí.”

Ní ọjọ́ karùn-ún, ní ọ̀sán gangan, eruku ọyẹ́ wọ àyà Àríkẹ́. Ọdẹ́rìndé gbọ́ fèrè náà láti ìdí igi. Ó rí èjìká kékeré tó gòkè lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sín, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà padà. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbé ìgalà kọ́ èjìká kò lè gbé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé Igbó Amíkanlẹ̀ kò lè dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ń wò bí Mopélọ́lá ṣe gbé ọmọ náà jókòó, bí ó ṣe fi ike nọ́ọ̀sì sí i lẹ́nu, bí ó ṣe ń bá a mí, wọlé, jáde, wọlé, jáde. Òun náà ń bá wọn mí níbi tí ó wà, bí ẹni pé a lè fi èémí ránṣẹ́. Ó pẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, èjìká sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ọdẹ wá bá a lọ́jọ́ kejì, Olúọ́dẹ ló ṣáájú wọn, wọ́n jókòó sí ọ̀kánkán. Wọ́n béèrè ìrù, wọ́n béèrè ìwo, ohun tí ọdẹ fi ń jẹ́rìí. Ọdẹ́rìndé na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò yọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní:

“Ẹ̀yin ará mi, mo lọ wá ẹni tí n ó pa, ẹsẹ̀ mi ni mo bá níbẹ̀. N kò mọ èyí tó ṣáájú nínú àyà àti àìsàn, àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ rẹ̀ fún yín. Èyí tí mo mọ̀ nìyí. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ jìnnà sí ọmọ ọwọ́, ìbáà jẹ́ tiyín. Ẹ gbé àtẹ ẹran kúrò níbi tí ọmọ ń sùn sí. Bí àyà ọmọ bá ń sú fèrè, ẹ má fi àgbo dá a dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gbé e lọ. Bí wọ́n bá sì béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Olúọ́dẹ ní àṣà fífẹ́ ńkọ́, tí ó jogún lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹwàá, imú rẹ̀ gbẹ, ó wẹ̀, ó wọ ilé. Wọ́n ti gbé àtẹ ẹran lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Àríkẹ́ wá bá a, kò sáré mọ́, ó gbé ojú sókè, ó di ojú méjèèjì. Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni ó gbé lé e níwájú orí, ó sì gbé e síbẹ̀ pẹ́.

“Bàbá,” ni ọmọ náà wí, “ẹ ò fẹ́ mi.”

Baba rẹ̀ gbé etí lé àyà rẹ̀ bí ó ṣe máa ń gbé etí lé ilẹ̀ nínú igbó. Fèrè kékeré kan ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jìnnà, kò dákẹ́. Ó sì wà níbẹ̀ tí ó ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, bí ẹ bá dé ilé, ẹ gbé etí lé àyà àwọn ọmọ yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ dúpẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òní.